Ẹ̀kọ́ Láti Inú Omi

Ibi Kíkà: 1 Sámúẹ́lì 1:1–18, 1 Kọ́ríńtì 9:24–27

  

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí a kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú ti oṣù mẹ́ta yìí lórí eré ìje tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ará Kọ́ríńtì. A rò pé kò ní nira. Ta ni kò tíì gbọ́ ìwàásù lórí eré ìje rí? Ní gbogbo ọdún tí a fi ṣiṣẹ́ olùkọ́, kò sí ọdún kan tí a kò fọn fèrè fún àwọn ọmọdé lórí pápá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó láti kọ ọ́, kì í ṣe eré ẹsẹ̀ ni ó wá sí wa lọ́kàn. Eré inú omi ni, èyí tí àwa fúnra wa kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Ní ìgbà èwe wa, bí ọmọbìnrin bá sún mọ́ odò kọjá ibi tí a ti ń pọnmi, ẹgba ni yóò jẹ kí ó tó jẹun alẹ́. Àwọn ọmọkùnrin nìkan ni wọ́n ń bẹ́ lu omi.

Ọmọ-ọmọ wa kan ni ó fi eré náà hàn wá nínú fóònù rẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ wo àwọn obìnrin yìí.” A wò ó lẹ́ẹ̀kan, a ní kí ó tún un ṣe. Láti ìgbà náà a ti wò ó tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2021 ni, ní ìlú Tókyò ní ilẹ̀ Jàpáànù. Ọdún 2020 ni ó yẹ kí Òlíḿpíìkì náà wáyé, àrùn Kòrónà ni ó sún un síwájú. Ẹ óò rántí àkókò náà, nígbà tí a ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì pa, tí a ń ti ojú fèrèsé kí ara wa. Nítorí àrùn yìí kan náà, wọn kò gba èrò ìwòran láyè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn àti àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ìyá kankan kò sí lórí àga láti pariwo orúkọ ọmọ rẹ̀.

Obìnrin mẹ́jọ ni wọ́n bẹ́ sínú omi fún igba mítà, ìyẹn ni pé wọn yóò wẹ adágún náà já ní ìgbà mẹ́rin. Irú ìlúwẹ̀ẹ́ tí òyìnbó ń pè ní breaststroke ni. Bí àkèré ṣe ń wẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́: wọn a kọ àyà sómi, wọn a na ọwọ́ méjèèjì síwájú pọ̀, wọn a gbá omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn a ká ẹsẹ̀ méjèèjì kí wọ́n tó nà án sẹ́yìn. Nínú ìlúwẹ̀ẹ́ mẹ́rin tí wọ́n fi ń díje, òun ni ó lọ́ra jù, òfin rẹ̀ sì le. Ọwọ́ ọ̀tún kò gbọdọ̀ ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọwọ́ òsì. Nígbà tí wọ́n bá sì dé ara ògiri, ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹni tó ṣíwájú gbogbo ayé bá fi ọwọ́ kan ṣoṣo kan ògiri, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Òfin yìí dùn mọ́ wa nígbà tí ọmọ náà ṣàlàyé rẹ̀. Àwa olùkọ́ fẹ́ràn òfin. A ó tún padà wá sórí ìyẹn.

Lilly King, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ ṣíwájú. Akọni ni obìnrin yìí. Òun ni ó gba wúrà ọgọ́rùn-ún mítà ní Rio ní ọdún 2016. Ṣùgbọ́n ní apá kejì eré náà, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kan bá a, ó sì kọjá rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Tatjana Schoenmaker, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún. Nígbà tí ó fi ọwọ́ méjèèjì kan ògiri, ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 18.95 ni ó lò. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ka irú eré yìí, kò sí obìnrin kan tó tíì wẹ̀ ẹ́ wọ abẹ́ ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 19 rí. Lilly King ṣe ipò kejì, Annie Lazor, òun náà ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe ipò kẹta.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Tatjana wo pátákó tí wọ́n kọ àkókò sí, ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé e. Nígbà tí ó yé e, ó bú sẹ́kún. Lilly King tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù wúrà wá bá a nínú omi, ó dì mọ́ ọn. Annie Lazor wá pẹ̀lú. Nínú oṣù Kẹrin ọdún náà gan-an ni bàbá obìnrin yìí kú. Ọ̀fọ̀ ni ó gbé dé ibẹ̀, síbẹ̀ ó wá. Kaylene Corbett náà wá, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó ṣe ipò karùn-ún, tí òun àti Tatjana jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ kan náà. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ara wọn mú, omi ń ro lára wọn, wọ́n ń sunkún. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é, kò sì sí nínú òfin eré náà.

Tatjana bọ́ fìlà tó wà lókè, òmíràn sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Látìn mẹ́ta sí: Soli Deo Gloria. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ti Ọlọ́run nìkan ni ògo.

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníwàásù yóò dúró sí nìyẹn, tí wọn yóò sì ní kí a pe “Halelúyà”. Àwa náà ìbá dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ wa ní, “Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé kò lọ sí ti ọdún 2016 rárá? Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ni kò jẹ́ kó lọ.” A ní kí ó tún un sọ. Òótọ́ ni. Ní ọdún 2016, wọ́n dá àkókò kan tí ẹni tó bá fẹ́ wẹ igba mítà ní Rio gbọ́dọ̀ bá. Tatjana wẹ̀, ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá sì ni ó fi pẹ́ jù. Wọn kò mú un.

A mú bírò, a ṣírò rẹ̀. Ìgbà tí ojú fi ń ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, ó gùn ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ojú rí i nínú omi, kò ju ìbú ìka ọwọ́ kan lọ. Igba mítà ni ó wẹ̀, ìbú ìka kan ni ó kù. Wọ́n ní kí ó jókòó sílé fún ọdún mẹ́rin; Kòrónà sì sọ mẹ́rin di márùn-ún.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a kúrò ní Tókyò wàyí, kí a gba Ṣílò lọ. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Hánà. Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ ṣe àjọ̀dún níwájú Olúwa. Wọn a pa ẹran, wọn a pín in. Pẹ́nínà a gba ìpín tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. A sì máa fi ọ̀rọ̀ gún Hánà lára títí yóò fi sunkún tí kò ní lè jẹun. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ọkọ náà bi í fi hàn pé kò mọ ibi tó ń dùn ún. Élì àlùfáà rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, ó rò pé ó mu ọtí. Ẹ tún orí náà kà láti òkè délẹ̀, kí ẹ wá obìnrin kan fún wa nínú gbogbo àwọn tó wá sí àjọ̀dún, tó dìde lọ jókòó ti Hánà. A ti wá a, a kò rí i.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ wa kan ilé.

Ní ọdún tó kọjá a ṣe ìdúpẹ́ fún àwọn ọmọ wa tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ohun tó dára ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. A ra aṣọ, a dáná, a jó. Ìyá kọ̀ọ̀kan mú ọmọ rẹ̀ jáde síwájú pẹpẹ. Ìyá kan wà nínú kíláàsì wa tí ọmọbìnrin rẹ̀ ti ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìgbà kẹta yìí, máàkì kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí ó wọ ibi tó fẹ́. Ìyá náà ra aṣọ bíi ti gbogbo wa. Láti ìdájí ni ó ti bá wa wà nídìí ìkòkò ìrẹsì. Nígbà tí ìsìn bẹ̀rẹ̀, ó lọ jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn.

Àwa ni wọ́n ní kí a gbàdúrà fún àwọn ọmọ náà. Kí a tó gbàdúrà, a sọ̀rọ̀ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe olùkọ́. A ní Ọlọ́run kì í ran ọ̀lẹ lọ́wọ́. A ní ọmọ tó bá múra sílẹ̀ kì í kùnà. Ìjọ ké “Àmín”, ó ròkè. A kò ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn nígbà tí a sọ ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ wa gan-an nìyẹn, pé a kò ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn.

Láti ọjọ́ Ìsinmi náà, a kò rí ìyá yìí ní ìpàdé mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní a ní bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnì kan láàárín wa ní owú ni ó ń jẹ ẹ́, pé ẹni tí kò bá lè yọ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń yọ̀, ti tirẹ̀ yóò pẹ́ kí ó tó dé. A gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. A kò fèsì. Gbogbo wa ni a mọ ibi tí Pọ́ọ̀lù ti kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù nípa yíyọ̀ àti sísunkún pẹ̀lú ara ẹni. Apá kìíní rẹ̀ nìkan ni a há sórí.

Àwa sì ni olórí kíláàsì rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mẹ́tọ́díìsì láti kékeré mọ bí kíláàsì ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1742, ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbèsè ilé ìsìn wà lọ́rùn àwọn ènìyàn John Wesley. Wọ́n ní kí olúkúlùkù máa dá pẹ́ní kan lọ́sẹ̀, kí ẹnì kan sì máa gbà á lọ́wọ́ àwọn mọ́kànlá. Ilé dé ilé ni àwọn agbowó wọ̀nyí ń lọ. Bí wọ́n ti ń wọlé ni wọ́n ń rí i: èyí kò rí oúnjẹ jẹ, èyí ń bá ọkọ jà, èyí ti fẹ́ sú lọ nínú ìgbàgbọ́. Wesley rí i pé ohun tí òun ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Owó ni wọ́n bá lọ, ènìyàn ni wọ́n bá pàdé.

Ní tiwa, owó kíláàsì kò bàjẹ́ lọ́wọ́ wa rí. Ìwé wa mọ́, gègé wa gún. Orúkọ ìyá yìí wà níbẹ̀, òdo mẹ́rin sì wà níwájú rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ọwọ́ ara wa ni a fi kọ wọ́n. A kọ òdo kìíní, a kọ èkejì, a kọ ẹ̀kẹta, a kò dìde. Ọ̀nà ilé rẹ̀ kò ju ibi tí a ti ń ra búrẹ́dì lọ.

Nígbà tí a rí àwọn obìnrin mẹ́rin náà nínú omi ni ọ̀rọ̀ yìí gbá wa láyà. Lilly King mọ̀ pé òun pàdánù. Kò pẹ́ ìṣẹ́jú kan tí ó fi sún mọ́ ẹni tó borí rẹ̀. Àwa tí a kò pàdánù nǹkan kan, oṣù mẹ́rin kò tó wa láti sún mọ́ ẹni tó pàdánù.

Ẹnì kan lè ní, “Ṣùgbọ́n Tíṣà, ẹ kò ha rí i pé Tatjana gba wúrà nígbẹ̀yìn? Ẹ sọ fún ìyá náà pé kó ní sùúrù, ti ọmọ rẹ̀ ń bọ̀.” Ẹ má ṣe jẹ́ kí a yára. Òótọ́ ni pé ó gbà á. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé ní Tókyò kan náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan láti Rọ́ṣíà, Evgeniia Chikunova, ṣe ipò kẹrin. Ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ni ó fi pàdánù idẹ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, ọmọ yìí wẹ igba mítà ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 17.55, ó sì gba ipò ẹni tó yá jù lọ láyé kúrò lọ́wọ́ Tatjana. Ẹ rí adé tí Pọ́ọ̀lù ní ó ń ṣá. Ọdún méjì kò pé. Ní Párísì ní ọdún 2024, nígbà tí Tatjana ti lọ́kọ tó sì ń jẹ́ Smith, ó gba wúrà ní ọgọ́rùn-ún mítà, ṣùgbọ́n Kate Douglass ti Amẹ́ríkà gba ti igba mítà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gba fàdákà rẹ̀, ó ní eré òun parí síbẹ̀. Chikunova kò sí níbẹ̀ láti díje rárá. Bí ayé ṣe rí nìyẹn, kò tẹ̀lé ìlà kan.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wà tí ìdá kan kù fún, tí kò sì sí ẹni tó fi wọ́n hàn nínú fóònù. Wọn kò padà wá. A mọ ọ̀kan. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ìwé ẹ̀rí olùkọ́ wa ṣì tuntun, ọmọbìnrin kan ní ìwé kẹfà gba máàkì 39 nínú ìṣirò. 40 ni ó yẹ kí ó gbà. Àwa ni a yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ibì kan wà tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà bó ti yẹ, tó kàn kọ ìdáhùn sí ibi tí kì í ṣe ààyè rẹ̀. A lè fún un ní máàkì kan níbẹ̀ láìparọ́. A di bírò pupa mú títí, a kò fún un. A ní òfin ni òfin. Bàbá rẹ̀ ní owó tí òun ti ná lórí ìwé obìnrin tó gẹ́ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kúrò ní ilé ẹ̀kọ́.

Ọdún gorí ọdún. Ní ọjọ́ kan, a dúró níwájú ìsọ̀ aláta kan lọ́jà. Obìnrin náà wò wá dáadáa, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàsán o, Tíṣà.” Ó wọn ata fún wa, agolo kún dé ẹnu. Lẹ́yìn náà ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ó ní, “Èènì yín nìyí, mà.” A gbé ata náà délé. A kò lè sè é ní ọjọ́ náà.

Nítorí náà a kò ní sọ fún ìyá yẹn pé ọmọ rẹ̀ yóò wọlé ní ọdún tó ń bọ̀. A gbàdúrà sí i, lójoojúmọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kò mọ̀ ọ́n, irọ́ kì í sì í ṣe ìtùnú. Kí Hánà tó lóyún, kí ó tó mọ̀ pé Sámúẹ́lì ń bọ̀, ó ti jẹun, ojú rẹ̀ sì ti kúrò ní fífàro. Ohun kan ṣoṣo ni ó yí padà láàárín ẹkún rẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀: Élì dẹ́kun bíbá a wí, ó gbọ́ tirẹ̀, ó sì súre fún un. Àlùfáà tó ṣì í sọ náà ni.

Kí ẹ má baà rò pé inú ìwé ni a ti ń tọrọ àforíjì, a ti lọ. A kò mú ìwé kíláàsì dání. Ìyá náà ṣílẹ̀kùn, ó gbé àga fún wa, ó bu omi. Ó béèrè àwọn ọmọ-ọmọ wa níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a sọ ohun tí a bá wá, tí a sì ní kí ó dárí jì wá, ó dákẹ́, ó ń fi ìka fa etí aṣọ rẹ̀. Ó wá ní, “Tíṣà, ó ti tán.” Ọmọbìnrin náà jáde wá kí wa, ó kúnlẹ̀, ó padà wọlé. A béèrè bóyá a lè kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ẹgbẹ́ nítorí àwọn yòókù. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí a kọ ọ́, kí a ṣá má dárúkọ òun.

Ní ọjọ́ ìpàdé tó tẹ̀lé e, a ń wo ẹnu ọ̀nà títí a fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Kò wá. A ó tún lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ owú ní ọjọ́sí ti ní òun yóò bá wa lọ.